Wáyà Sókẹ́ẹ̀tì Kíṣìnì: Ohun Tí Iṣẹ́ Iná Ti Kọ́ Mi Nílùú Ìbàdàn

Bí sókẹ́ẹ̀tì kan bá máa jó nínú ilé, ti kíṣìnì ló sábà máa ń jẹ́. Kì í ṣe pé wáyà ibẹ̀ burú ju ti pálọ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe fa wáyà ọ̀hún débẹ̀ ni. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, láti Mọ́kọ́lá dé Akóbọ̀, okùn wáyà kan ṣoṣo ló ń kúrò nídìí bíréékà, á yà sí pálọ̀, á gba yàrá kejì, á gba yàrá kẹta, kó tó wá parí sí kíṣìnì. Ibi tí ẹrù iná ti wúwo jù ló wá bọ́ sí ìparí okùn. Gbogbo iná tí kẹ́tùlù bá fà ló máa gba ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kọjá, tó máa gba ojú gbogbo súkúrúù tó wà láàárín. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti gbóná, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ.

Okùn kíṣìnì gbọ́dọ̀ dá dúró: kó kúrò nídìí bíréékà tirẹ̀, kó lọ tààrà, kó má yà síbì kankan. Orí èyí ni gbogbo ohun yòókù tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé kíṣẹ́ẹ̀lì lé ògiri, ẹ ka ẹrù. Ẹ wo ìdí ohun èlò kọ̀ọ̀kan, ẹ mú iye wáàtì tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ fi 230, ìyẹn fóòtì iná ilé, pín in, áńpù tó máa fà nìyẹn, ìyẹn bí iná tó ń gba inú wáyà ṣe pọ̀ tó. Kẹ́tùlù 2200 wáàtì máa fa bíi 9.6 áńpù. Sítóòfù oníná olójú méjì, 2000 wáàtì, 8.7. Microwave tó ń fa 1200 wáàtì, 5.2. Ẹ ṣọ́ra nídìí microwave o: 700 tàbí 800 tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú rẹ̀, agbára tó ń fi sínú oúnjẹ ni. Èyí tó ń fà lára ògiri wà lára páálí ẹ̀yìn, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Blẹ́ńdà 500 wáàtì lé díẹ̀ ní áńpù méjì. Fíríìjì kékeré kì í fa tó áńpù kan bó bá ti ń lọ geere, àmọ́ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó lè fa ìlọ́po márùn-ún ìyẹn fún ìṣẹ́jú àáyá kan.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná wá, kí ẹnì kan gbé omi àmàlà sí kẹ́tùlù, kí gbẹ̀gìrì wà lórí sítóòfù, kí ẹlòmíì máa gbé ọbẹ̀ àná gbóná nínú microwave: áńpù 23 àti ààbọ̀ ti wà lórí okùn náà kí fíríìjì tó dá sí i.

Iná tó lọ sílẹ̀ ń da ìṣirò yìí rú lọ́nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fọkàn sí. Bí fóòtì bá já sí 170, kẹ́tùlù ò ní fa áńpù sí i, ńṣe ló máa dín kù. Agbára rẹ̀ á wálẹ̀ sí nǹkan díẹ̀ lókè ìdajì, omi á pẹ́ kó tó hó, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fírísà tó wà lórí sìtábíláísà ni kí ẹ máa wò. Sìtábíláísà tó ń gbé 160 fóòtì lọ sí 220 ń fa nǹkan bí 1.4 áńpù lára ògiri fún áńpù kọ̀ọ̀kan tó ń gbé fún fírísà, ká má tíì ka èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ bíréékà wá kàn. Kì í ṣe kẹ́tùlù yín ni bíréékà ń ṣọ́, wáyà inú ògiri ni. Wáyà bàbà 2.5 mm² (bí bàbà inú rẹ̀ ṣe nípọn tó nìyẹn) tó dá wà nínú páìpù nínú ògiri lè gbé nǹkan bí 24 áńpù. Ooru 30°C ni wọ́n fi ṣírò iye yẹn. Inú àjà ilé páànù ní Ìbàdàn, lóṣù kejì ọdún, gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, bó bá sì dé 40°C, 24 yẹn ti di 21. Ìdí nìyẹn tí bíréékà 20 áńpù fi jẹ́ ti 2.5. Bí ẹ bá ti okùn méjì bọ inú páìpù kan náà, ẹ tún ní láti yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò. Nítorí náà, okùn kọ̀ọ̀kan, páìpù tirẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé bíréékà 20 á máa já ní alẹ́, onílé á ráhùn, ẹni tó wá tún un ṣe á yọ ọ́, á fi 32 sí i. Àìjá wá dé, gbogbo èèyàn dúpẹ́. Ẹ gbọ́ o: ìlànà tí wọ́n fi ṣe bíréékà kéékèèké wọ̀nyí gbà kí bíréékà 32 gbé 36 áńpù fún wákàtí kan gbáko láì já. Wáyà tí kò yẹ kó gbé ju 21 lọ ni yóò máa gbé e, nínú ògiri, níbi tójú ò tó. Bí 20 bá ń já, ẹ fa okùn kejì. Oògùn rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan á ní ṣebí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lo bíréékà 32 pẹ̀lú wáyà 2.5. Òótọ́ ni, àmọ́ ring ni tiwọn. Nínú ring, wáyà á kúrò nídìí bíréékà, á gba gbogbo sókẹ́ẹ̀tì kọjá, á sì padà wá sídìí bíréékà kan náà, tí sókẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan á fi máa gba iná láti ọ̀nà méjì. Inú ètò yẹn náà ni púlọ́ọ̀gì onígun mẹ́ta 13 áńpù tí a ń lò ti wá, ìyẹn ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní BS 1363, ti ọdún 1947. Ohun tó sì mú kí fíúsì wà nínú púlọ́ọ̀gì náà ni pé bíréékà 32 ò lè dáàbò bo wáyà tín-ínrín tó wà lára rédíò tàbí blẹ́ńdà. Kí ẹnì kan wá yọ fíúsì, kó fi bébà sìgá dípò rẹ̀, ó ti yọ olùṣọ́ kan ṣoṣo tí wáyà yẹn ní.

Èmi ò fẹ́ràn ring fún kíṣìnì wa. Bí ẹsẹ̀ kan bá já nínú rẹ̀, gbogbo sókẹ́ẹ̀tì á ṣì máa ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, wáyà 2.5 kan ṣoṣo ló sì kù lábẹ́ bíréékà 32. Mo tún ti rí i pé ọ̀pọ̀ tó ń pe iṣẹ́ wọn ní ring, wọn ò dá wáyà náà padà sílé rárá. Okùn 2.5 méjì, 20 áńpù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló bá mi lára mu: kẹ́tùlù àti blẹ́ńdà lórí ọ̀kan, microwave àti sítóòfù lórí èkejì. Okùn kẹta kéékèèké fún fíríìjì nìkan. Kúkà ńlá tó ní ófùn oníná kò bá wọn dá sí i: wáyà 6 mm² tirẹ̀, bíréékà 32, àti súìṣì kúkà 45 áńpù nínú àpótí tó jìn tó 47 mm, torí pé wáyà 6 kì í ṣẹ́ kọ́nà wẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò wáyà fún kíṣìnì tó jẹ́ mítà mẹ́ta níbùú lóòró. Ká ní mítà 12 ni láti àpótí bíréékà dé ibẹ̀ nínú àjà, àjà ga tó mítà mẹ́ta, sókẹ́ẹ̀tì sì wà ní mítà 1.1 sílẹ̀. Wáyà á sọ̀ kalẹ̀ ní 1.9, á padà gòkè ní 1.9, á rìn lápá ọ̀tún ní mítà kan àtààbọ̀, á tún sọ̀ kalẹ̀ ní 1.9 sí sókẹ́ẹ̀tì kejì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 19.2. Ẹ fi àfikún fún orí wáyà, 21. Ìlọ́po méjì jẹ́ 42, ti fíríìjì bíi 16. Rólù kan, tó jẹ́ yáàdì 100, ìyẹn mítà 91, tó fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan: pupa tàbí búráwùn fún live tó ń gbé iná wá, dúdú tàbí búlúù fún neutral tí iná ń gbà padà, àwọ̀ ewé tàbí ewé pẹ̀lú yẹ́lò fún earth tó lọ sínú ilẹ̀. Ẹni tí pupa bá tán lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá fi àwọ̀ ewé gbé live, ó ń dẹ pàkúté sílẹ̀ fún ẹni tó máa ṣí sókẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Ògùnpa, iye owó rólù kan lè fi ìlàjì yàtọ̀ sí èkejì, wọ́n á sì kọ 2.5 sára méjèèjì. Ẹ gbé multimeter, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná, dání. Ẹ kọ́kọ́ kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì mọ́ra, ẹ wo iye tó bá kọ, torí ẹ máa yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kan orí àti ìdí rólù náà. Bàbà 2.5 tòótọ́ tó gùn ní mítà 91 máa fún yín ní nǹkan bí 0.7 ohm (ohm ni a fi ń wọn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà tó). Bó bá kọ 1.1, bàbà 1.5 ni wọ́n fi rọ́bà tó nípọn wọ̀, tàbí kó jẹ́ alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú. Ẹ fi abẹ fá orí rẹ̀: bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà fún wọn. Ti sókẹ́ẹ̀tì, òòfà kékeré ni mo máa ń lò. Irin tó ń di púlọ́ọ̀gì mú nínú rẹ̀ yẹ kó jẹ́ bíráàsì. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin lásán tí wọ́n kùn ni, kò ní pẹ́ dẹ̀.

Ibi tí sókẹ́ẹ̀tì máa wà náà ní òfin tirẹ̀. Ó kéré tán, 150 mm sókè pẹpẹ táìlì, kí omi tí wọ́n fi ń nu pẹpẹ má bàa wọ̀ ọ́. 300 mm sí etí síńkì, bẹ́ẹ̀ náà sí ojú iná gáàsì. Kó má wà lẹ́yìn sítóòfù, níbi tí ọwọ́ ti máa na kọjá lórí ìkòkò tó ń hó. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí tó bá ń jò, nítorí náà sókẹ́ẹ̀tì tó wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìlíńdà 12.5 kg jẹ́ ibi tó burú jù: iná kékeré tó ń ṣẹ́ nígbà tí a bá tẹ súìṣì ti tó láti tan án. Ẹ gbé sìlíńdà síta bí ààyè bá wà.

Nínú ilé alámọ̀ ayé àtijọ́ ní àdúgbò bíi Bẹẹrẹ, ògiri kì í di súkúrúù mú. Ẹ má gbẹ́ ẹ. Ẹ kan pákó mọ́ ọn, kí páìpù máa gba ojú ògiri.

Iṣẹ́ ti ẹnu súkúrúù ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, torí níbẹ̀ ni iná ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ bó rọ́bà wáyà ní nǹkan bí mílímítà mẹ́wàá, kí abẹ má ha bàbà lára, torí ojú ibi tí abẹ bá ha ni wáyà ti máa ń ṣẹ́. Àpótí tó jìn tó 35 mm ni kí ẹ rà fún sókẹ́ẹ̀tì olójú méjì, èyí tí ọjà ń pè ní 3 by 6. Àwọn tí kò jìn máa ń fún wáyà pa, sókẹ́ẹ̀tì á sì máa ti ara rẹ̀ jáde. Níbi tí wáyà méjì bá ti pàdé, ẹ lọ́ wọn pọ̀ dáadáa, ẹ kì wọ́n bọ inú ihò, ẹ di súkúrúù rẹ̀, kí ẹ sì fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yọ, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ká wáyà wọ inú àpótí tán, ẹ tún di súkúrúù lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó lẹ ojú rẹ̀ pa, torí kíká yẹn máa ń tú u díẹ̀. Bí ẹ bá kọjú sí sókẹ́ẹ̀tì, earth lókè, neutral lósì, live lọ́tùn-ún. Lẹ́yìn rẹ̀, ó yí padà, ẹ wo L, N àti E tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí àpótí náà bá jẹ́ irin, ẹ fa earth kékeré kan sí òun náà.

Súkúrúù tó dẹ̀ díẹ̀ lè ní 0.2 ohm péré. Ẹ fi 9 áńpù lọ́nà 9, ẹ fi 0.2 sọ ọ́ di púpọ̀: ó lé ní 16 wáàtì ooru, lójú ibi tí kò tó èékánná. Kẹ́tùlù tó hó ní ìṣẹ́jú márùn-ún lè má fi hàn. Sítóòfù tó ń se ẹ̀wà fún wákàtí kan àtààbọ̀ á fi hàn. Ẹ̀gbẹ́ ihò ọ̀tún á kọ́kọ́ pọ́n bíi búráwùn, òórùn bíi ti ẹja tó jó á máa jáde, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ ó gbọ́ ṣíì nínú rẹ̀. Tó bá ti dé ibẹ̀, dídi súkúrúù nìkan ò tó. Irin inú rẹ̀ ti rọ̀, ẹ pààrọ̀ sókẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ sì gé wáyà tó ti dúdú kúrò títí ẹ ó fi dé ibi tó ń dán. Ẹ wo ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì náà pẹ̀lú: èyí tó ti dúdú máa ba sókẹ́ẹ̀tì tuntun jẹ́.

Ilẹ̀ Ìbàdàn kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ earth rọrùn. Òkúta ò jìnnà lábẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, irin earth tó gùn ní mítà 1.2 lè wọlé dé ìdajì kó dúró, ni wọ́n bá máa gé ìyókù dànù. Ẹ má gé e. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ rì í síbòmíì, tàbí kí ẹ lo méjì tó jìnnà síra tó gígùn wọn, kí ẹ so wọ́n pọ̀. Lọ́gbẹlẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ á tún mú kó burú sí i. Ká ní earth yín jẹ́ 40 ohm, tí live wá kan ara fíríìjì: 230 pín sí 40 jẹ́ áńpù 5.75. Bíréékà 20 ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ara fíríìjì á máa gbé iná dúró de ẹni tó bá wọlé láìwọ bàtà sórí táìlì tó tutù.

RCD 30 mA, ẹ̀rọ tó ń gé iná bí iná bá ń jò, ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìyẹn (mA kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún áńpù). Ohun tó jáde lórí live ló ń fi wé ohun tó padà lórí neutral, bí ìyàtọ̀ bá ti tó 30 mA, ó ti já. Earth tó burú tó 200 ohm pàápàá, á ṣì já lórí rẹ̀. Mo máa ń fi sórí àwọn okùn kíṣìnì méjèèjì, tí fíríìjì á sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí kẹ́tùlù tí omi wọ̀ má bàa fi ẹran ìdílé kan ṣòfò.

Ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń fi kan RCD ni pé ó ń já ṣáá, títí ẹnì kan á fi wá yọ ọ́ dànù. Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì kíṣìnì kúrò lára ògiri. Pípa súìṣì ò tó, torí live nìkan ni súìṣì ọ̀pọ̀ sókẹ́ẹ̀tì ń gé. Ẹ gbé RCD sókè, ẹ wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá já a ló lẹ́bi, ojú sítóòfù tàbí ìdí kẹ́tùlù tí omi wọ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá já láìsí ohunkóhun lára ògiri, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan so neutral kíṣìnì mọ́ neutral gílóòbù. Bọ́tìnì kékeré tó wà lára rẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù nígbà tí iná NEPA bá wà, torí kò ní ṣiṣẹ́ láìsí iná.

Bí iṣẹ́ bá parí, tẹ́sítà tó ń tàn pupa ò tó ẹ̀rí. Ó lè sọ fún yín pé live wà, kò lè sọ pé earth wà. Kí iná tó wọlé, ẹ fi ẹ̀rọ 500 fóòtì wọn rọ́bà wáyà, láàárín live àti earth, neutral àti earth, pẹ̀lú gbogbo púlọ́ọ̀gì níta. Kò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́gà-ohm kan, tuntun sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Nígbà tí iná bá wọlé, live sí neutral àti live sí earth gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, neutral sí earth kó sún mọ́ òdo. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé kẹ́tùlù sí sókẹ́ẹ̀tì tó jìnnà jù, ẹ wọn fóòtì níbẹ̀ àti nídìí bíréékà bó ti ń hó lọ́wọ́. Okùn 20 mítà ò yẹ kó jẹ ju fóòtì mẹ́ta lọ. Bó bá jẹ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, súkúrúù kan wà tó dẹ̀, ẹ lọ wá a.

Àṣà méjì kan wà tó ń ba iṣẹ́ dáadáa jẹ́. Èkíní ni ti bírò tí wọ́n ń tì bọ ihò earth kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé. Ó ń ba ìlẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀ jẹ́, ó ń ṣí irin sílẹ̀ fún ọwọ́ ọmọdé, púlọ́ọ̀gì náà kì í sì í dì dáadáa. Èkejì ni wáyà olórí púlọ́ọ̀gì méjì tí wọ́n fi ń ti iná jẹnẹrétọ̀ wọlé láti sókẹ́ẹ̀tì kíṣìnì. Bí orí kejì bá yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé iná lójú gbangba. Bí wọ́n bá gbàgbé láti pa súìṣì àgbà, iná náà á jáde lọ bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí òpó. Changeover, súìṣì tó ń yan láàárín iná NEPA àti ti jẹnẹrétọ̀, ni ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń gbà wọlé.

Ayálégbé tí kò lè fọ́ ògiri onílé ṣì ní ohun tó lè ṣe. Ẹ má fi kẹ́tùlù àti sítóòfù ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí okùn kan. Ẹ má gbé ọ̀kankan nínú wọn sórí extension, torí wáyà ọ̀pọ̀ wọn ò tó 1 mm². Bí ẹ bá ti ń lo sítóòfù fún wákàtí kan, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú sókẹ́ẹ̀tì náà: bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú, bó bá gbóná débi pé ẹ ò lè fọwọ́ lé e, ẹ pa bíréékà rẹ̀, ẹ fi multimeter rí i dájú pé kò sí iná mọ́, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n wá kó pààrọ̀ rẹ̀. Sókẹ́ẹ̀tì yòówù tó bá jẹ́ àkọ́kọ́ láti ìdí bíréékà, kódà bó jẹ́ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ máa ti se omi títí onílé á fi gbà kí wọ́n fa okùn tuntun.